Iye Ìgò Pé, Ojú Wa Ti Rí Màbo

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín pé kí wọ́n máa lé nọ́ọ̀sì tó bá jí oògùn ibi iṣẹ́ lò, mo gbọ́ tirẹ̀. Olè ni olè ń jẹ́. Àmọ́ kó gbọ́ tèmi náà.

Wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ni mo wà. Bí a bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, èèyàn méjì á dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn apàrora, a ó ka ìgò mọ́fíìnì ní oókan-oókan, a ó fọwọ́ sí ìwé. Tí ẹyọ kan bá dín, kò sẹ́ni tó ń relé. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ mẹ́ta kú mọ́ wa lọ́wọ́, a kà á, ó pé, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi wá pé báwo lara ti rí.

Oògùn oorun ni ẹnìkejì mi ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Kì í pẹ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Òun gan-an ló máa ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ alẹ́, tí a sì ń yìn ín. Nígbà tí mọ́fíìnì di bárakú fún un, iye ìgò kò fìgbà kan yẹ̀, torí àjẹkù ló ń kó. Bí aláìsàn bá gba ìdajì ìgò, ẹni méjì ló yẹ kó jọ rí i pé a da ìdajì tó kù nù. Èmi ni ẹnì kejì. Mò ń sáré, mo sì ń fọwọ́ sí i láìwo ohunkóhun.

Kì í sì í ṣe àwa tí ẹ̀jẹ̀ ń ta sí láṣọ nìkan ni iṣẹ́ ń dá lọ́kàn rú. Láti ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀ ti gbà pé ọlọ́pàá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gbọ́ nípa ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọdé lemọ́lemọ́ lè kó irú àìsàn ọpọlọ tí ojú ogun ń fà.

Kí wọ́n gbé ẹnìkejì mi yẹn kúrò nídìí aláìsàn, mo fara mọ́ ọn. Lílé ni wọ́n lé e. Láti ìgbà náà, èèyàn méjì míì ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé àwọn ń mu nǹkan kí àwọn tó wọṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, dókítà tí oògùn bá di bárakú fún lè gba ìtọ́jú, wọ́n á máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó sábà máa ń tó ọdún 5, ọ̀pọ̀ sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Níbi tiwa, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ti ẹni tí a ó pè bí ìgò bá dín ni.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan