Ta Ló Yí Bàbá Yẹn Lọ́kàn Padà? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ Eré n'Íkòròdú

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti Sábó dé Ẹ̀bútè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé eré kan tí ọ̀kan nínú yín kọ ló fa lẹ́tà yìí. Ojú ìwé 96 ni. Bàbá kan ò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkùnrin tó mú wálé. Bàbá pariwo lójú ìwé 12, ó pariwo lójú ìwé 30, ó fọ́ tẹlifíṣọ̀n lójú ìwé 51. Nígbà tó di ojú ìwé 88, pásítọ̀ wọlé, ó wàásù fún ojú ìwé kan àtààbọ̀, bàbá bú sẹ́kún, ó ní òun ti gbà. Ẹni tó fẹ́ náwó sí eré náà kà á tán, ó dá a padà. Ọmọ náà ní wọ́n kórìíra òun ni.

Wọn ò kórìíra ẹ. Ta ló yí bàbá yẹn lọ́kàn padà? Kí ni pásítọ̀ sọ tí ìyàwó rẹ̀ ò ti sọ lójú ìwé 30? Eré ló fẹ́ parí, ni bàbá bá gbà.

Ká ní ẹyọ kan ni, ǹ bá dákẹ́. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹ ti gbà pé bí ènìyàn méjì bá ti ń pariwo mọ́ra wọn, ìjà ti wọ eré nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ariwo yẹn ti wá. Láyé eré aláàrìnjò, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìran, òṣèré á fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn ń fi òwe jà, wọ́n ń fi oríkì jà, wọ́n ń fi ẹ̀fẹ̀ gún ara wọn lára. Ẹ̀yin gba igbe wọn, ẹ fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀. Kámẹ́rà yín ò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí ojú òṣèré. Ta lẹ wá ń pè?

Kí o tó kọ ìran tí ẹnì kan ti ń pàrọwà fún ẹlòmíì, mú bébà kan. Kọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń wá, kó sì jẹ́ ohun tí a lè fojú rí: kí onítọ̀hún fọwọ́ síwèé, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó má wọkọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. “Ó ń wá ìfẹ́” ò ṣeé yà sí fíìmù. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí ẹnì kejì máa pàdánù bó bá gbà. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń fò. Bí kò bá ní í pàdánù nǹkan kan, kí ló dé tí kò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀? Wá to ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹni àkọ́kọ́ máa gbé e gbà: ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bùn, ìdójútì, ìhàlẹ̀, ìdákẹ́. Ọ̀nà tó bá ti kùnà, kó má tún padà síbẹ̀, èyí tó kàn sì gbọ́dọ̀ ná an ju ti ìṣáájú lọ. Ojú ìwé kan la máa ń ṣírò sí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ohùn kan náà bẹ̀bẹ̀ fún ojú ìwé mẹ́ta ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta òǹwòran ṣòfò.

Ẹ wo èyí. Àkànbí fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìmọ́tà, kó lè rówó lọ sí Kánádà. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́. Mo mọ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́: “O ò ní tà á, àfi bí mo bá kú!” “Mà á tà á, ilẹ̀ bàbá mi ni!” Kí wọ́n sọ ọ́ báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ìyá dákú. Ẹ jẹ́ kí ìyá máa ṣa ẹ̀wà dípò ìyẹn.

“Ẹni tó fẹ́ rà á, ṣé ó mọ̀ pé bàbá rẹ wà níbẹ̀?”

“Mo ti sọ fún un, mà. Ó ní òun á yọ ojú oórì sílẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló yọ?”

Àkànbí ò mọ̀. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ.

“Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ta góòlù yín nígbà tí wọ́n lé mi nílé ìwé. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni.”

Kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ti fara gbọgbẹ́, àwọn méjèèjì ló sì jàre. Ìyá ò lè ní òun ò ta góòlù. Àkànbí ò lè ní òun wọn ojú oórì. Ìbéèrè “mélòó” yẹn ṣiṣẹ́ ju ẹkún lọ, torí ó béèrè ohun tó yẹ kí ọmọ ti mọ̀.

Aristotle ará Gíríìsì ti pín ìpàrọwà sọ́nà mẹ́ta láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn: irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rí tó fi gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, àti bó ṣe ká ẹni tó ń gbọ́ lára. Nílẹ̀ wa, ti àkọ́kọ́ yẹn lágbára púpọ̀. Ọmọbìnrin inú ìwé eré yẹn ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn gbolóhùn fún gbolóhùn. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá ló yẹ kó lọ bá, kí ìyẹn bá a délé, kí bàbá má lè fọhùn torí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Kí ó kúnlẹ̀, kó má sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde. Bó bá fẹ́ pòwe fún àgbà, kó ní “tótó, ó ṣe bí òwe”, kí a rí i pé ìbínú wà lábẹ́ ẹ̀. Òwe tí ẹ kàn ń dà sẹ́nu gbogbo ènìyàn bí iyọ̀ ò wúlò.

Ọ̀rọ̀ ariwo yìí náà ni mo ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ wo fíìmù Amẹ́ríkà kan, 12 Angry Men, tí Reginald Rose kọ, tó jáde ní 1957. Yàrá kan ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀. Nínú ọkùnrin 12 tí kóòtù ní kí wọ́n dá ẹjọ́ ọmọ kan, 11 ní kí wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ní kí wọ́n ṣì sọ̀rọ̀. Wọ́n pariwo níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ariwo kọ́ ló yí wọn padà. Ọ̀kan tó dàgbà láàárín àwọn aláìní ló fi bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ hàn wọ́n. Ọ̀kan yí padà torí ó ń kánjú lọ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì bá a wí pé ìdí yẹn ò tó. Ẹni tó gbà kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kálukú ló ní ohun tó gbé e wálẹ̀. Nílé wa níbí, nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999, Lápité fẹ́ adé, kò fẹ́ gbẹ́rẹ́ tó máa dè é mọ́ ìlú. Ìjà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ọmọ onílé inú eré yín kì í sọ ju “owó dà?” lọ? Ẹ jẹ́ kó ròjọ́. Bàbá rẹ̀ lè ti ta ilẹ̀ náà lówó pọ́ọ́kú, kí owó ilé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ báyìí sì ju iye yẹn lọ lóṣù kan. Bí òǹwòran ò bá ṣiyèméjì fún ìṣẹ́jú kan pé bóyá ó jàre, ìwàásù lẹ kọ.

Ohun tó máa yí bàbá kan padà lójú ìwé 88, ojú ìwé 15 la ti gbọ́dọ̀ rí i, kí a má sì mọ̀ pé òun ni. Kò sì pọn dandan kó sunkún. Bàbá tí kò fi àga lọ ọmọkùnrin náà rí látìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ jẹ́ kó ní “jókòó”, kó tó lọ. Ó ti tó.

Bí ẹ bá kọ ìran tán, ẹ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ kà á sókè. Bí ẹ ò bá mọ ta ló ń sọ èwo, ohùn tiyín ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ wá sọ gbogbo ẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbólóhùn tó bá dàbí ẹ̀rín ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, igbe ló ń gbé e dúró. Ẹ pa á rẹ́. Àwọn òṣèré kan á ṣì pariwo ní lokéṣọ̀n, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn ilé, torí náà ẹ fi ẹlòmíì sínú ilé nínú ìran yẹn, ọmọ tó ń sùn tàbí àlejò tó wà ní pálọ̀, kí wọ́n ní ìdí láti rẹ ohùn sílẹ̀. Kí ẹ sì wo ìran náà láìsí orin kí ẹ tó fún ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Bó bá sú yín láìsí orin, ẹ padà lọ kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Àgbà akọ̀wé eré kan, Ìkòròdú