Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ kíláàsì kọ̀ǹpútà mi

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Bàbá Tóbi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí o gbúròó mi.

O ní kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ná. Bí wọ́n ṣe ń fi Word tẹ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn òbí rò pé nítorí JAMB ni, torí láti 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún wọn níbi ìpàdé pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ọmọ nílò níbẹ̀: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún iwájú, P fún ẹ̀yìn, S láti sọ pé òun ti parí, R bó bá yí ọkàn padà. Ọmọ lè gba máàkì rẹpẹtẹ kó má lè tẹ lẹ́tà ojú ìwé kan.

Ctrl àti S, tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, o ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí. Ti Shift, bọ́tìnnì tí à ń dì mú láti tẹ lẹ́tà ńlá, ló ń mú ọ̀fun mi gbẹ. Nítorí A ńlá kan ṣoṣo, wọ́n á tan Caps Lock, wọ́n á tẹ A, wọ́n á tún pa á.

Ṣùgbọ́n space bar gan-an ni ìjà wa. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àkọlé wà láàárín, wọ́n á máa gbá space títí tí yóò fi dé ibi tó wù wọ́n. Lójú tiwọn, ó ti gún régé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọbìnrin kan tẹ àmì ¶ tó wà lókè. Tó-tò-tó bo iwájú àkọlé rẹ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún space kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó mú lẹ́tà náà tóbi sí i. Àkọlé gé sí méjì, ìdajì já sísàlẹ̀. Kíláàsì hó yèè! Ó pa gbogbo space náà rẹ́, ó tẹ Ctrl àti E, tó ń gbé ọ̀rọ̀ sí àárín. Bó ṣe wù kó sọ lẹ́tà di ńlá tó, àárín ló wà. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá gbá space lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó jókòó tì í ni yóò pariwo orúkọ mi.

Orúkọ wọn náà dá wàhálà sílẹ̀. Word fa ilà pupa sábẹ́ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn bí ẹni pé wọ́n ṣì í kọ, kò fà á sábẹ́ Samuel. Samuel wá ń yangàn káàkiri. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà ò fẹ́ ká fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo bá kọ́ wọn ní kóòdù tí a fi ń tẹ àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́: tẹ 1ECD, di Alt mú, tẹ X, ọ á jáde, 1EB9 fún ẹ, 1E63 fún ṣ. Ó ń lọ déédéé títí ó fi kan Bọ́lá. Nǹkan mìíràn ló jáde, nítorí B náà wà lára lẹ́tà tí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ń lò, Word sì kà á mọ́ ọn. Àfi kó yan àmì mẹ́rin náà nìkan kó tó tẹ Alt àti X. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ kún odindi ojú ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kálukú máa tẹ lẹ́tà sí ẹbí rẹ̀ tó wà lókè òkun. Àwọn tí kò ní ẹnì kankan níbẹ̀, ìwọ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣé wàá lè dá wọn lóhùn? Jọ̀ọ́, sọ fún mi kó tó di ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Àjọkẹ́