Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa olóúnjẹ sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, lórí òfin ẹnu géètì eré mọ́tò

Alága wa, àti gbogbo ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú làálàá. Àwa ẹgbẹ́ olóúnjẹ, oní-píọ̀ wọ́tà àti ẹlẹ́rìndòdò tá a ń tajà létí pápá tí wọ́n ti ń sá eré mọ́tò àti dírífì, ìyẹn kí mọ́tò máa fẹ̀gbẹ́ yọ̀ lójú títì, níbí n'Íbàdàn la kọ̀wé yìí. A ò bá tìjà wá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, torí omi ti fẹ́ẹ̀ tán lẹ́yìn ẹja wa.

Àtìgbà tí wọ́n ti lẹ pépà mọ́ ẹnu géètì pé èrò ìwòran ò gbọdọ̀ mú oúnjẹ, omi, kúlà, agboòrùn tàbí àpótí wọlé, ọjà wa ò tà mọ́. Lọ́jọ́ eré tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa pọ́n ọ̀fadà sínú ewé eéran fún bàbá àgbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kó má febi panú, bàbá ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì tí sìkọ́ríítì fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó sì sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí, tewé-tewé, ó ṣì ń gbóná. Èkejì ẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ya àpò píọ̀ wọ́tà tọ́mọ kan gbé lórí. Omi ṣàn dà sí bàtà ọmọ náà, kò tiẹ̀ sunkún, ó kàn dúró ń wò ó. Nínú lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láyè kó máa ta omi, omi inú ike nìkan ló sì ń tà, ẹni tí ò lówó ẹ̀ á fara da òùngbẹ nínú oòrùn yẹn títí eré á fi parí.

A ò sọ pé kí wọ́n má ṣòfin o, eré mọ́tò kì í ṣe eré ayò. Ní pápá eré mọ́tò Indianapolis lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1960, àwọn èrò ìwòran to pèpéle gogoro fúnra wọn kí wọ́n lè ríran dáadáa, pèpéle wó, èèyàn méjì kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Ní pápá eré mọ́tò Zandvoort ní Netherlands lọ́dún 2022, ẹnì kan ju iná eléèéfín sójú títì nígbà tí wọ́n ń du ipò tí kálukú á ti gbéra, wọ́n ní láti dá mọ́tò dúró. Torí ẹ̀, kí wọ́n gba àkàbà, kí wọ́n gba bángà, ìgò àti ọ̀bẹ, tọkàntọkàn la fi fara mọ́ ọn. Agboòrùn náà, a gbà, ó ń dí ẹni ẹ̀yìn lójú, atẹ́gùn sì lè gbé e, kí wọ́n dé fìlà.

Ṣùgbọ́n Indianapolis yẹn kan náà, níbi téèyàn ti kú, wọ́n ń jẹ́ kí èrò gbé oúnjẹ àti kúlà tiwọn wọlé, tí kò bá ti ju ínǹṣì 18 sí 15 sí 15 lọ, tí kò sì sí ìgò nínú ẹ̀. Ohun tó lè ṣeni léṣe ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Ọ̀fadà ò lè wó lu ẹnikẹ́ni, Alága wa.

Ibì kan wà tó jẹ́ ẹ̀bi tiwa, a ò ní í fi pamọ́. Mẹkáníìkì kan fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó lẹ̀ mọ́ iwájú mọ́tò hàn wá, ó ní bó ṣe bo ojú ibẹ̀ yẹn, atẹ́gùn ò ní í ráyè dé rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ó sì lè bà jẹ́ lẹ́nu eré. Ojú tì wá. A ti ra àpò sẹ́mẹ́ńtì lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé méjì-méjì wá, a ó máa ṣa ọ̀rá kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, a ò ní í gba kọ́bọ̀.

Ohun tá a ń tọrọ ò pọ̀: ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tá a fewé tàbí ọ̀rá dì, píọ̀ wọ́tà àti kúlà kékeré máa wọlé, ohun tí wọ́n bá sì gbà lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà kó lè gbà á padà tó bá ń lọlé, kí wọ́n má dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, kí eré tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe àwa, ọ̀gá sìkọ́ríítì àtàwọn tó ń ṣètò eré jókòó pọ̀. Káfíńtà kan ládùúgbò ti bá wa kan férémù onígi tí wọ́n á fi máa wọn kúlà lẹ́nu géètì, èyí tó bá gba inú ẹ̀ kọjá kó wọlé, èyí tí ò bá gbà kó padà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù akọ̀wé wa, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ránṣẹ́ pè wá la máa gbé e wá.

Àwa ni tiyín,
Ìyá ẹgbẹ́, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ olóúnjẹ etí pápá