Ọmọ tó fẹjọ́ sùn kì í ṣe olófòófó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi àti ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó sì máa ń kólòlò díẹ̀. Ní táàmù tó kọjá, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti ń mọ́ báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. A ra oògùn ibà. A lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tipẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Abọ́ oúnjẹ tó ń gbé lọ sí ilé-ìwé ń bọ̀ wálé lófìfo, síbẹ̀ bó bá ti wọlé báyìí, oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, bí ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mò ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, òun náà ń fi ìdérí ìgò mínírà ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tò wọ́n bíi kíláàsì. Ìdérí ńlá kan ń lọ yí ká, ó ń ti àwọn yòókù ṣubú. Ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀ tó dojú bolẹ̀. Mo bi í pé ta nìyẹn. Ó ní, "Èmi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe jáde. Ọmọ kan tó fi ọdún méjì jù ú lọ ló ń kó ẹran inú oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà mìíràn oúnjẹ náà lódidi, á sì tún máa sín in jẹ. Bí tèmi bá ti la ẹnu pé "A-a-antí", gbogbo kíláàsì á gbè é lórin. Nígbà tó yá, ó kúkú pa ẹnu rẹ̀ dé. Olùkọ́ rò pé kò mọ̀wé ni.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún antí yín?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Mo sọ fún wọn, Màmá àgbà. Wọ́n ní olófòófó kò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ."

Olóòtú, ẹlòmíràn tó bá gbọ́ èyí lè bú olùkọ́ náà. Èmi kò lè bú u, torí òwe yẹn gan-an ni èmi náà fi dá àwọn ọmọ padà sí àyè wọn fún ọdún 31. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọmọ àádọ́ta rí, tí mẹ́wàá nínú wọn tò síwájú tábìlì pé "Antí, ó mú pẹ́ńsù mi", "Antí, ó yọ ahọ́n sí mi", á mọ ìdí tí a fi ń pa á. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó lọ kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kò wá bá mi mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òbí rẹ̀ mú un kúrò ní ilé-ìwé wa. Títí di òní olónìí, n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi. Láti ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi ti sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn máa ń jí mi lóru.

Òwe náà kò burú. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé kí ìjà lè ṣẹlẹ̀ ló ń bá wí. Àwa la gbé e fún ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà. Ṣebí ní ìlú wa níbí, bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára ẹni lọ, a máa ń gbé e tọ baálé lọ. Bó bá ju ti baálé lọ, ó di ààfin Àtáọ́ja. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ sí ààfin ní olófòófó. Kí ló wá dé tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ààfin tirẹ̀?

Bí mo ṣe wá là á yé ọmọ mi nìyí: bí o bá sọ ọ̀rọ̀ torí kí wọ́n lè na ẹnìkan, òfófó nìyẹn. Bí o bá sọ ọ́ kí ìyà lè kúrò lọ́rùn ẹnìkan, ìbáà ṣe ìwọ, ìbáà ṣe ẹlòmíràn, ẹjọ́ lo fi sùn, ẹjọ́ tí a sì fi sùn, àgbà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi yé e. Mo ti wá rí i pé àwa àgbà ni kò tètè yé.

Ọmọ tí kò sì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, kò lè sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń pè é ní búlì. Ìfòòró ni mo pè é fún ọmọ mi, torí ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa fòòró èèyàn. Dan Olweus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó lo èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀ ní Norway, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tó kú ní 2020, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwádìí tú ọ̀rọ̀ yìí wò ní àwọn ọdún 1970. Ohun mẹ́ta ló ní kí á máa wò: pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, pé ó ń ṣe é léraléra, àti pé agbára àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Agbára yìí kì í ṣe ti apá nìkan o. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, aṣọ ilé-ìwé tuntun wà níbẹ̀. Fún akólòlò, ẹnu tó já geere gan-an, agbára ni.

Ọmọ kékeré kò lè há ìyẹn sórí, ìdérí ìgò la padà sí. A fi méjì ṣe eré: àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. A fi méjì ṣe ìjà: inú ń bí àwọn méjèèjì, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á tún jọ máa ṣeré. A fi méjì ṣe ìfòòró: ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, ẹnìkejì ń sunkún, bó sì ṣe máa rí lọ́la náà nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé, "Màmá àgbà, tòní, ìjà ni, wọ́n ti parí ẹ̀." Ó tún béèrè pé tí wọn kò bá jẹ́ kí ẹnìkan bá wọn ta tẹ́ńtẹ́n rárá ńkọ́, lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án? Mo ní ìfòòró ni. Ó ní òun mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé-ìwé kan ṣoṣo ni mò ń bá wí. Àjọ UNESCO sọ ní 2019 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ilé-ìwé kan nínú mẹ́ta lágbàáyé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fòòró láàárín oṣù kan. Gbogbo wa náà la rí fídíò tó gba orí fóònù kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, níbi tí wọ́n ti ń gbá ọmọ ilé-ìwé kan létí ní Àbújá. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nìwọ̀nyẹn. Àwọn kékeré ni mo ń pariwo lé lórí, torí ọjọ́ orí yẹn ni ọmọ ti ń mọ̀ bóyá àgbà á gbọ́ tòun tàbí kò ní gbọ́.

Àbúrò ọkọ ọmọ mi ní tirẹ̀ ní kí ọmọ náà gbá a padà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè na ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí kò bá sì lè nà án, ìyà di méjì. Ohun tí a kọ́ ọ ni kó dúró ṣinṣin, kó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kó sọ pé, "Dá a dúró! N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀," kó sì kọjá lọ síbi tí àgbà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu tèmi, pàápàá bí ẹ̀rù bá ń bà á. A gé e kù sí "Rárá!" àti ọwọ́. Èmi ni mò ń ṣe ọmọ kejì, tí mò ń na ọwọ́ sí abọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó sunkún, a sì dáwọ́ dúró. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí "Rárá" náà tó jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Mo sì sọ fún un pé bí àgbà àkọ́kọ́ kò bá gbọ́, kó lọ sọ fún èkejì. Bí ìyẹn náà kò bá gbọ́, kó gbé e wálé.

Àmọ́ kò tọ́ kí á di gbogbo ẹrù yìí ru ẹni tí wọ́n ń fòòró. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan gbé àbọ̀ ohun tí kámẹ́rà rí láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà jáde. Nínú ìgbà 100 tí ìfòòró ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn ń wòran ní ìgbà 88, ṣùgbọ́n ìgbà 19 péré ni wọ́n dá sí i. Nígbà tí wọ́n bá sì dá sí i, ó ju ìlàjì lọ tó parí kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ní Finland, Yunifásítì Turku gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní KiVa kalẹ̀ lórí irú èyí. Christina Salmivalli ló ṣáájú wọn, àwọn ọmọ tó ń wòran, tó ń rẹ́rìn-ín, ni wọ́n sì tẹjú mọ́ jù.

Ẹ̀kọ́ yẹn ti wà nínú eré wa tipẹ́. Ta ni kò ṣe ẹkùn mẹ́ran rí nígbà èwe? A so ọwọ́ pọ̀ yí ewúrẹ́ ká, ẹkùn wà níta, ó ń wá àlàfo, gbogbo wa ń dáhùn pé "Mẹ̀ẹ́!" Ọmọ tó kéré jù lè ṣe ewúrẹ́, kò sì ní láti lágbára. Mo ti fi dán àwọn ọmọ àdúgbò wa wò lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, mo ní kí gbogbo wọn jáwọ́, kí wọ́n kàn dúró máa wòran. Ẹkùn kò pẹ́ rárá tó fi mú ewúrẹ́. Mo wá béèrè pé ta ló gba ewúrẹ́ là nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. A jọ sọ ohun tí síso ọwọ́ jẹ́ ní kíláàsì: má rẹ́rìn-ín, pe ẹni náà pé kó wá bá yín ṣeré, kí ẹni méjì jọ lọ fẹjọ́ sùn. Kò sẹ́ni tí a ní kó ja ìjà.

Nígbà tí mo lọ sí ilé-ìwé náà, ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ ní eré ọmọdé ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní àwọn á na ọmọ kejì lórí àsẹ́ńbílì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Pàṣán á kàn fi han ọmọ náà pé ẹni tó bá lágbára jù ló láre ni, á sì mọ ẹni tí òun máa dúró dè lẹ́nu géètì. A ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kì í sí nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọmọ rẹ̀ kì í sì í gbé oúnjẹ wá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ebi lè ṣàlàyé ẹran. Kò ṣàlàyé ẹ̀sín, ìyẹn náà la sì bá ọmọ náà sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójú ìyá rẹ̀. Wọ́n yí àyè ìjókòó padà, olùkọ́ sì ń bá wọn jókòó nígbà ìsinmi báyìí. Ó ti dínkù gan-an, kò tíì tán pátápátá. Ní tilé wa, a ti dáwọ́ pípe ọmọ náà ní "akólòlò mi" dúró. Ìfẹ́ la fi ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ń lu ú níta.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì ní apá 11 rẹ̀, ó sì dárúkọ ìpalára ọkàn pẹ̀lú ti ara. Ó yẹ kí wọ́n ka apá yẹn sí etí ìpàdé òbí àti olùkọ́ níbi gbogbo, kí àwọn ilé kéú àti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà gbọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé, ẹ má kàn bi í pé báwo ni ilé-ìwé. "Dáadáa" ni yóò wí. Ẹ bi í pé: ta lo bá jẹun lónìí? Ta ló jókòó tì ọ́? Ta ló dá jókòó? Bí ọ̀rọ̀ bá sì jáde, ẹ má fi "Kí lo ṣe fún un?" bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí kí táàmù tuntun tó wọlé. Bí olùkọ́ kan ní Òṣogbo bá sì fẹ́ kí n wá fi ẹkùn mẹ́ran yìí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Àyè wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.