Lẹ́tà Tó Gbó Kò Gbọdọ̀ Gbé Àmì Wa Mì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Atẹ̀wé ni mí ní Ìlọrin níbí, ọ̀rọ̀ tó sì kan gbogbo àwa tí à ń kọ Yorùbá sójú bánà àti pósítà ni mo fẹ́ sọ.

Irú fọ́ńtì kan, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ti gbòde: lẹ́tà ńlá tó ki pọ́pọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí pákó tí wọ́n fi ayùn gé, tí wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ fi àpá àti ihò wẹ́wẹ́ sí lára kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1815 ni Vincent Figgins, tó ń rọ lẹ́tà ní London, gbé irú lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ kíki yìí jáde, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń wá ohun tí ẹni tó ń kọjá lọ lè rí láti òkèèrè. Ní 1827, Darius Wells ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbẹ́ lẹ́tà sára igi, nítorí pé igi fúyẹ́ ju òjé tí wọ́n fi ń rọ lẹ́tà lọ. Bí wọ́n ṣe ń lo igi náà ni etí rẹ̀ ń hán, tí íǹkì kì í sì í kárí rẹ̀ mọ́. Àpá yẹn gan-an ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà lónìí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn fọ́ńtì yìí kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan láti Ọ̀mù-Àrán ní kí n ṣe bánà ọgọ́rin ọdún ìyá òun. Bí mo ṣe tẹ Ọ, inú fọ́ńtì mìíràn ni kọ̀ǹpútà ti lọ mú un wá, ó mọ́ tónítóní láàárín àwọn tó gbó, bí bọ́tìnnì tuntun lára agbádá àtijọ́. Mo wá fi ọwọ́ ara mi fi àmì sábẹ́ O tó gbó. Àṣé wàhálà tó jù ṣì ń bọ̀: èérún dúdú kan wà lábẹ́ O inú fọ́ńtì náà, ibì kan náà ló sì ń bọ́ sí lábẹ́ gbogbo O tí a bá tẹ̀. “Ọmọ Olóko” tí a kọ fún màmá di “Ọmọ Ọlọ́kọ̀” lójú àwọn ẹbí, wọ́n sì ń bi mí bóyá awakọ̀ ni bàbá wọn. Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀.

Orúkọ ìlú wa pàápàá ń bẹ nínú ewu yìí. Òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin ni a gbọ́ pé ó bí Ìlọrin. Ẹ yọ àmì abẹ́ ọ kúrò, lílọ irin ti di lílo irin nìyẹn.

Mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Pósítọ́fíìsì dé Ọjà Ọba: kí ẹ tó sanwó fọ́ńtì, ẹ kọ́kọ́ fi Ẹ́, Ọ̀ àti Ṣ dán an wò, torí pé ẹ tàbí ọ tó ní àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà; ẹni tó ṣe fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ ṣètò ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Ẹ nu èérún abẹ́ lẹ́tà kúrò. Orí ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ sì lo fọ́ńtì gbígbó yìí fún. Àdírẹ́ẹ̀sì àti déètì, ẹ fi lẹ́tà tó mọ́ kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe fọ́ńtì, ẹ jẹ́ kí àmì abẹ́ náà gbó bí lẹ́tà tó gbé e ṣe gbó, ṣùgbọ́n kó tóbi tó láti rí láti òdìkejì títì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan, Ìlọrin