Sí Déjì, láti Ìkẹ́rẹ́

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Alẹ́ Sátidé.

Déjì Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù yẹn ńkọ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ó yẹ kí n ti pè ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ní n pè ọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ń wà nítòsí.

Ilẹ̀ bàbá yín lẹ́bàá òkè Olósùnta ti dìjà. Gíréédà tó wá la ọ̀nà ló wó pílà kan, òpó kékeré tí wọ́n fi sàmì ààlà. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ní ìyá tó ni ilẹ̀ kejì ti hú pèrègún ààlà, wọ́n sì tún un gbìn sínú ilẹ̀ yín. Ìyá ní àwọn kò tíì rí pèrègún tó ń rìn rí. Ni wọ́n bá ní kí n wá wọ̀n ọ́n.

Mo débẹ̀, mo bá gbogbo ẹbí. Àwọn kan tiẹ̀ gbé àga wá! O kúkú mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ń dúró lé kalẹ̀, ẹsẹ̀ méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè, mo tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ti òkè bọ́ sórí àpáta, àfi kí n wá kòtò kékeré kan fún ṣóńṣó rẹ̀. Mo wo awò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, èyí tó ń wo ilẹ̀ tààrà, títí àmì fi bọ́ sí àárín orí pílà tó ṣẹ́kù, mo fa ẹsẹ̀ gùn, mo dín in kù, bọ́bùlù roboto, afẹ́fẹ́ inú omi tó ń fi hàn bóyá ẹ̀rọ tẹ́jú, wọ àárín. Ó wá ku ti ìdè mẹ́ta tí a fi ń mú ẹ̀rọ tẹ́jú. Mo ń yí méjì lódìkejì ara wọn, ohùn ọ̀gá wa sì ń dún létí mi: “Àtàǹpàkò òsì ni bọ́bùlù ń tẹ̀ lé!”

Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ wá ń yí mi ká bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ ilẹ̀ rírọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, bọ́bùlù á yẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n pariwo: “Ẹ ò rí i? Nǹkan yín ń gbè sẹ́yìn ìyá yìí!” Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ibi tó bá ga ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sá lọ, kò mọ onílẹ̀.” Oòrùn wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ, o mọ̀ pé ooru ẹ̀gbẹ́ kan máa ń mú bọ́bùlù yẹ̀. Ìyá ṣí agboòrùn wọn bò ó fún mi. Bọ̀ọ̀dá ní rìbá nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo yí ẹ̀rọ náà sí ìdè kẹta, mo yí i po wò, mo tún padà wo orí pílà. Ó ti yẹ̀ díẹ̀, mo tú ìdè abẹ́ tó mú ẹ̀rọ mọ́ orí ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta, mo rọra sún un láìyí i. N kò kánjú rárá. Níbi tójú ti pọ̀ tó báyìí, tí nǹkan kan bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilé ẹjọ́ ni a ó ti parí rẹ̀.

Ìròyìn yòókù: Bọ́lá bí obìnrin, ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì ó ń sin ẹja, iná kò sí.

Màmá kò dá sí ìjà ilẹ̀ náà láti àárọ̀. Wọ́n kàn gbé iyán wá, wọ́n sì bu ti ìyá tó ni ilẹ̀ kejì sọ́tọ̀, wọ́n gbé e fún wọn lójú Bọ̀ọ̀dá. Màmá ti rù, Déjì. N kò mọ̀ bóyá wọ́n sọ fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an rè é. Ibi tí pílà tó wó wà kò ṣeé fojú dá. Pílánì àtijọ́ ló ní ìwọ̀n láti pílà dé pílà, Màmá sì ní ìwọ lo kó àpò ìwé bàbá lọ. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀, kí nọ́ńbà àwọn pílà àti òǹtẹ̀ hàn ketekete. Èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi sí Bọ̀ọ̀dá. Nínú ohun tí mo rí títí di báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé pèrègún yẹn kò kúrò níbi tí bàbá gbìn ín sí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá? Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà lọ. Pè wọ́n kó tó dìgbà yẹn, ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o pè.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé