Lẹ́tà sí màmá tó ń nu òkúta ní Berlin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, màmá. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ka Yorùbá, mo ṣáà fẹ́ kọ ọ́ ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ kúnlẹ̀ sétí títì, ẹ ń fi àkísà nu nǹkan, ìgò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, èmi sì ń wo fóònù lọ. Ẹ má bínú.

Mo rò pé nǹkan yín ló jábọ́ ni. Ẹ sọ̀rọ̀, èdè Jámánì ni, mi ò gbọ́ ẹyọ kan, ẹ wá nàka sí orúkọ tó wà lára idẹ tó bo orí òkúta kékeré kan nílẹ̀, ẹ tún nàka sí wíńdò kan lókè. Alẹ́ ni mo tó mọ̀ pé Stolperstein ni wọ́n ń pè é, òkúta ìkọ̀sẹ̀ (èmi kúkú kọsẹ̀ lóòótọ́), pé Gunter Demnig, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1992, àti pé iwájú ilé tẹ́ni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ yàn gbé kẹ́yìn, kí àwọn Násì, àwọn ènìyàn Hitler, tó dé bá a, ni wọ́n máa ń rì í sí.

Mo ti dé Ẹnubodè Brandenburg. Mo ya fọ́tò, ó tóbi, ó parí síbẹ̀. Mo tún wọ àárín òpó kọnkéré 2,711 tí wọ́n tò fún àwọn Júù tí wọ́n pa, ilẹ̀ ibẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òpó tó wà lórúnkún ẹ lẹ́ẹ̀kan fi máa ga jù ẹ́ lọ. Àwọn ọmọ kan ń fò lórí ẹ̀. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ tèmi náà.

Ọjọ́ kejì mo lọ òpópónà Wilhelmstraße, nọ́ńbà 92, torí tiwa. Ibẹ̀ nilé tí orílẹ̀-èdè 14 ti jókòó ní 1884 sí 1885, tí wọ́n ń ṣòfin bí wọ́n ṣe máa pín Áfíríkà mọ́wọ́, ọmọ Áfíríkà kankan ò sì sí nídìí tábìlì. Ilé yẹn ò sí mọ́, pátákó kan ló dúró síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá kí n tó rí i. Eruku ti bò ó. Mo ṣáà bá ara mi níbi tí mo ti ń fi apá súwẹ́tà nù ún, ọkùnrin kan ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, kò sì mọ́ tó tiyín.

Màmá, kí ló wà nínú ìgò yẹn gan-an?